Asọ̀rọ̀-gbèsì Lórí Òkè

Orúkọ tí àwọn baba wa fún rédíò, kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́, ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ka orúkọ yìí sí ìdájọ́. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láàrin wa tí kì í gba èsì, bí kò bá jẹ́ aláṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já lẹ́nu, a jẹ́ pé wèrè tí ń dá sọ̀rọ̀ láàrin ọjà ni. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé ètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wọ Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, àpótí kan ni wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri ilé àwọn tó lè san owó rẹ̀. Wáyà ló so àpótí náà mọ́ ilé iṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni onílé yóò gbọ́. Kò lè dá a lóhùn, kò sì lè yí i sí ibòmíràn. Agbára kan ṣoṣo tó ní lórí rẹ̀ ni pé kí ó pa á. Ẹni tó bá mọ bí àwọn aláṣẹ ìgbà náà ti ń bá wa sọ̀rọ̀ yóò gbà pé orúkọ náà ṣe wẹ́kú.

Ṣùgbọ́n rédíò mìíràn wà tí ń gba èsì, òun ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Àwọn tí ń lò ó kì í ṣe oníṣòwò, wọn kì í ṣe ọlọ́pàá, wọn kì í sì í ṣe ìjọba. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti ṣe ìdánwò, ó ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀, wọ́n sì ti fún un ní àmì ìpè tí kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń jẹ́ ẹ. Èèwọ̀ ni fún wọn láti polówó ọjà, wọn kò sì gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ. Ìfẹ́ ló gbé wọn dé ìdí rẹ̀, nítorí náà olùfẹ́ rédíò ni n óò máa pè wọ́n. Àmì ìpè wọn dà bí ilà ojú. Bí a bá gbọ́ 5N níwájú àmì ẹnìkan, a mọ̀ pé Nàìjíríà ló ti wá. TY ni ti orílẹ̀-èdè Benin, 5V ni ti Tógò, 9G ni ti Gánà. Kí a tó gba òmìnira ní 1960, ZD2 ni wọ́n ń kọ sí wa lójú, ilà tí olówó ẹrú kọ fún ẹrú.

Láàrin àwọn olùfẹ́ rédíò ni àwọn kan ti ya ara wọn sọ́tọ̀, tí ó jẹ́ pé orí òkè nìkan ni wọ́n ti ń fẹ́ sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 2002 ni wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì fún irú wọn, Summits on the Air, ètò náà sì ti ràn ká orílẹ̀-èdè púpọ̀ láti ìgbà náà. Òfin rẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Orí òkè náà gbọ́dọ̀ yọ lórí ilẹ̀ tó yí i ká tó mítà 150, ní ibòmíràn mítà 100. Ẹni tí ń gùn ún ni yóò ru gbogbo ẹrù rẹ̀: rédíò, bátìrì, wáyà, òpó fẹ́ẹ́rẹ́ tó dà bí igi ìpẹja, oúnjẹ àti omi. Kò gbọdọ̀ lo iná mọ́tò, kò gbọdọ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ lọ. Bí ó bá débẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bá ó kéré tán ènìyàn mẹ́rin sọ̀rọ̀ kí òkè náà tó di tirẹ̀ fún ọdún náà, yóò sì gba máàkì láti orí 1 títí dé 10 gẹ́gẹ́ bí òkè náà bá ti ga tó. Àwọn tó jókòó sílé tí wọ́n dá a lóhùn náà ń gba máàkì tiwọn. Ẹni tó bá kó 1,000 máàkì jọ nípa gígùn, oyè ewúrẹ́ orí òkè ni wọ́n ń fi í jẹ. Mi ò mọ ọmọ Yorùbá tí yóò ná owó àti ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fi í jẹ oyè ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ìlú ń bẹ, àṣà ń bẹ.

Ibi tí àṣà yìí ti gbilẹ̀ gan-an ni àwọn òkè aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Arizona. Níbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń gbéra, nítorí pé bí oòrùn bá bá ènìyàn ní agbedeméjì òkè, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Omi tí wọ́n ń rù a máa wúwo ju rédíò wọn lọ fíìfíì. Ilẹ̀ gbígbẹ àti àpáta kì í gba iná mànàmáná sára dáadáa, nítorí náà wọn kì í gbẹ́kẹ̀ lé ilẹ̀. Wáyà méjì ni wọ́n ń ta láti orí òpó wá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí òrùlé ahéré. Agbára tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ kò ju wáàtì márùn-ún sí mẹ́wàá lọ nígbà púpọ̀, èyí tí kò tó ti gílóòbù iná àtijọ́ kan. Síbẹ̀, ohùn náà ń kọjá òkun.

Igbóbì ni èmi ń gbé, ní ẹ̀gbẹ́ títì Ìkòròdú, láàrin Fádèyí àti Onípàánù. Ilẹ̀ tó tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ni. Ibi tó ga jù lọ tí ọmọ àdúgbò wa lè gùn láìwọ ọkọ̀ ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó dábùú títì. Bí ènìyàn bá sì tan rédíò ìgbì kúkúrú nínú yàrá ní Igbóbì, ariwo ni yóò gbọ́: jẹnẹrétọ̀ ń tu iná sínú afẹ́fẹ́, ìnfátà ń hó, gílóòbù olówó pọ́ọ́kú ń ṣe bí oyin, àwọn tó ń fi wáyà iná já ara wọn lórí òpó ń fọhùn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ṣómólú kò dákẹ́. Kì í ṣe ariwo etí nìkan ni mo ń sọ. Gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí ń pariwo ní èdè tí rédíò ń gbọ́, wọn a sì bo ohùn ẹni tó wà ní ọ̀nà jíjìn mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara. Lójú ọ̀run Èkó, àwọn ẹyẹ ń kọlu ara wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn agunkè wọ̀nyí ń lọ rà lórí òkè kì í ṣe gíga rárá, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ẹni tí kò bá tí ì gbé ìlú ńlá rí kò lè mọ iye tó yẹ kí ènìyàn san lórí rẹ̀.

Gíga náà ní èrè tirẹ̀. Ìgbì ohùn tó kúrú gan-an, irú èyí tí ọlọ́pàá àti awakọ̀ òfurufú ń lò, kì í tẹ̀ mọ́ ara ayé; ó ń lọ tààrà ni, bí ojú ti ń ríran. Bí ènìyàn bá dúró lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí wáyà rẹ̀ ga tó mítà méjì, ohùn rẹ̀ kò ní kọjá nǹkan bí kìlómítà mẹ́fà kí ó tó bọ́ sẹ́yìn ìtẹ̀kọdọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí ó bá gun òkè tó ga ju ilẹ̀ àyíká lọ ní mítà 400, ohùn kan náà, láti inú ẹ̀rọ kan náà, yóò lọ tó kìlómítà 82. Òwe wa kan wà tí ń sọ pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun òkè kò lè rí i. Mo fẹ́ràn òwe náà, mo sì mọ ẹni tó pa á: àgbà tí kò fẹ́ dìde ni. Guglielmo Marconi kò jókòó. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1901, òkè kan ní St. John's ní ilẹ̀ Newfoundland ló gùn lọ, ó fi àwòdì oníwèé fa wáyà rẹ̀ sókè, ó sì ní òun gbọ́ ìró kúkúrú mẹ́ta tí wọ́n ń lù láti Cornwall ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ṣì ń jiyàn títí di òní bóyá ó gbọ́ tàbí kò gbọ́. Kò sẹ́ni tó jiyàn pé orí òkè ló wà.

Níbi tí ìyìn mi dúró sí nìyẹn. Bí a bá fetí sí ohun tí àwọn agunkè wọ̀nyí ń sọ fún ara wọn, ó ń ya ni lẹ́nu bí ó ti kéré tó. Ènìyàn gun òkè fún wákàtí mẹ́rin; ó dé òkè; ó pe àmì rẹ̀; ẹnìkan dá a lóhùn; ó ní '59'; ẹni kejì ní '59'; wọ́n ní '73'; ó parí. 73 ni ìkíni wọn, ó dà bí 'ó dàbọ̀'. 59 ni wọ́n fi ń sọ bí a ti ń gbọ́ ara ẹni sí: márùn-ún pé ọ̀rọ̀ ń yé mi kedere, mẹ́sàn-án pé ohùn rẹ lágbára. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú rẹ̀, bí wọ́n bá ń sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí kánkán bá mú wọn, wọn a máa fún gbogbo ẹni tó bá pè ní 59, àní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí ó tún orúkọ rẹ̀ pè. Ó dà bí ẹni tí a bi pé ṣé àlàáfíà ni, tó ní a dúpẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀wẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni í kọ́kọ́ fi tẹlifóònù alágbèéká kéde fún ayé pé àwọn ti dé òkè, pé orí ìgbì báyìí báyìí ni kí ẹ ti máa wá wa. Ẹni tí ń fi tẹlifóònù pe ènìyàn wá gbọ́ rédíò ti jẹ́wọ́ nǹkan kan, ìbáà jẹ́ pé kò mọ̀ pé òun jẹ́wọ́.

Mo mẹ́nu kan sìmẹ́ǹtì nítorí ibi tí mo ń gbé. Ọmọ Igbóbì kì í fi ẹsẹ̀ ṣeré. Ọdún 1945 ni wọ́n dá ilé ìwòsàn tí a mọ àdúgbò wa mọ́ sílẹ̀, fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, láti ìgbà náà sì ni wọ́n ti ń gbé ẹni tó dá lẹ́sẹ̀, ẹni tó jábọ́ lórí ọ̀pẹ, ẹni tí ọ̀kadà gbá, wá bá wa láti gbogbo ilẹ̀. Bí mo bá sọ fún aládùúgbò mi pé àwọn kan ń fi ọwọ́ ara wọn gun àpáta nítorí máàkì, yóò kọ́kọ́ bi mí pé ta ni yóò gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Èsì tí olùfẹ́ rédíò yóò fọ̀ fún un dára: ẹni tó ru rédíò dé òkè ló lè pe olùrànlọ́wọ́ níbi tí tẹlifóònù kò dé.

Bóyá ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ wọn kéré ni pé wọn kò gun òkè bí a ti ń gùn ún nínú ìtàn tiwa. D. O. Fágúnwà, nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, rán àwọn ọdẹ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Wọn kò lọ ka òkè náà mọ́ iye. Wọ́n lọ gba nǹkan bọ̀ fún ìlú ni. Ọjọ́ méje ni Ìrágbèje fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ní láti sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n la ewu padà, kí ilé tó gbọ́ ohunkóhun. Ìtàn ń bẹ nítorí pé ìpadàbọ̀ ń bẹ. Nígbà tí Wálé Ògúnyẹmí sọ ọ́ di eré orí ìtàgé fún FESTAC ní 1977, ìrìn àjò náà ló gbé kalẹ̀ fún àwọn òǹwòran. Agunkè onírédíò ti sọ ohun tó ní í sọ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá délé, kò sí èyí tó kù. Ilé ti gbọ́ ọ. Mi ò sọ pé èyí burú. Mo ń sọ pé ẹni tí kò ní ru ìròyìn sọ̀ kalẹ̀ mọ́ yẹ kí ó sọ ju 59 lọ nígbà tó wà lókè.

Lójú tiwa, orí òkè kì í ṣe ibi tí a ń ṣẹ́gun. Ibi tí a ti ń sá fún ogun ni. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá fi orí pamọ́ sí ní 1830, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé. Orí àpáta ni àwọn ará Ìdànrè gbé títí di àwọn ọdún 1920, ààfin àtijọ́ Ọwá sì ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá lè gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Àwọn ìjọ Aládùúrà wá sọ orí òkè di ibi tí a ti ń ké pe Ọlọ́run, tí a sì ń retí èsì. Ẹni tó bá ti gbọ́ àwọn aládùúrà lórí òkè lóru yóò mọ̀ pé ètò Gẹ̀ẹ́sì ti 2002 kọ́ ni ó kọ́kọ́ rò ó pé ohùn máa ń dé ọ̀nà jíjìn láti òkè.

Olúmọ, bí ó ti lókìkí tó, kò lè wọ inú ìwé wọn. Gíga rẹ̀ lórí òkun jẹ́ nǹkan bí mítà 137, nítorí náà kò lè yọ ní mítà 150 lórí Abẹ́òkúta. Ó tilẹ̀ ní ẹ̀rọ agbéniròkè báyìí. Àpáta tó gba odindi orílẹ̀ là kò tó gbà máàkì kan: bí a bá ń fi òṣùwọ̀n ẹlòmíràn wọn ohun ìní wa, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa ṣẹlẹ̀. Ìdànrè ní tirẹ̀ kò ní í bẹ òṣùwọ̀n kankan.

Ṣé a lè sọ Yorùbá láti orí rẹ̀? Ìbéèrè yìí ló gbà mí lọ́kàn jù. Olùfẹ́ rédíò lè fi ẹnu sọ̀rọ̀, ó sì lè lu ìró gígùn àti kúkúrú tí à ń pè ní Morse. Morse a máa rin jìnnà ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ lórí agbára kékeré. Nísinsìnyí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù dùndún. Dùndún ń gbé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ lọ, ó sì ń fi lẹ́tà sílẹ̀. Etí ẹni tó gbọ́ èdè ni yóò wá fi lẹ́tà sí i. Morse ń gbé lẹ́tà lọ, ó sì ń fi ohùn sílẹ̀. Ọkọ obìnrin, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun, ohun kan náà ni gbogbo wọn nínú Morse: gígùn mẹ́ta, gígùn, kúkúrú, gígùn, gígùn mẹ́ta. Ohun tí ìlù kọ́kọ́ mú ni Morse kọ́kọ́ jù nù. Ẹni tó bá máa fi Morse sọ Yorùbá ní láti ṣe bí onílù ti ń ṣe, kí ó máa fi ọ̀rọ̀ gígùn dípò ọ̀rọ̀ kúkúrú, kí ó má sọ 'ọkọ́' lásán bí kò ṣe 'ọkọ́ tí a fi kọ ebè', títí ẹni tó ń gbọ́ kò fi ní ṣì í gbọ́. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, irú ìgbì tí wọ́n ń lò a máa sọ ohùn ènìyàn di ti pẹ́pẹ́yẹ bí a kò bá yí ẹ̀rọ sójú rẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, ibi tí ohùn bá ti gòkè, yóò gòkè, ibi tó bá ti sọ̀, yóò sọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí àwa mú.

A ti ní ìpè tiwa pẹ̀lú. CQ ni wọ́n fi ń pe gbogbo ayé, pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ kí ó dá mi lóhùn. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé ní ilẹ̀ Yorùbá a ní 'Àgò o!', ẹni inú ilé a ní 'Àgò yà!'. Ìpè àti èsì ni, kò sì sí nǹkan tí CQ ṣe tí àgò kò lè ṣe.

Ohun tí ń dẹ́rù bà mí kì í ṣe àpáta. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ní ohùn tó lè rìn jìnnà ti jẹ́ ẹni ìfura láti ìgbà pípẹ́. Ní 1965, wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Kudirat Abíọ́lá ní Èkó ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà 1996, àwọn tó wà ní ìgbèkùn fi orúkọ rẹ̀ sọ rédíò tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ láti òkè òkun lórí ìgbì kúkúrú. Ní àdúgbò wa, òru là ń gbọ́ ọ, a ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù olè pamọ́. Ní 2013, ìjọba pa tẹlifóònù ní Borno, Yobe àti Adamawa. Ní 2021, wọ́n pa á ní Zamfara. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta 2024, kò sí ẹni tó pàṣẹ rárá. Wáyà abẹ́ òkun ló já ní agbègbè Ivory Coast, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní Èkó. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, èèyàn tó mọ bí a ti ń fi bátìrì kan àti wáyà kan bá ìlú mìíràn sọ̀rọ̀ ìbá wúlò ju ẹgbẹ̀rún tẹlifóònù lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sì í hù lóru ọjọ́ tí ìjàǹbá dé. Orí òkè ni ó ti ń kọ́ ọ, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì jẹ́ eré, tí 59 ṣì jẹ́ ohun tí à ń fi rẹ́rìn-ín. Nítorí èyí ni mo ṣe ń bá wọn wí lórí 59, n kò sì bá wọn wí lórí òkè.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọkùnrin kan lónìí tó gun orí àpáta ní Oǹdó tàbí Èkìtì, tó ta wáyà, tó fi nǹkan sétí, tó ń sọ lẹ́tà àti nọ́ńbà. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, àwọn apànìyàn pa ọba méjì lọ́nà ní Èkìtì. Àwọn ará abúlé tó rí ọmọkùnrin náà kò ní bi í ní àmì ìpè rẹ̀ kí wọ́n tó ké sí ọdẹ, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ìwé àṣẹ nìkan kò tó. Kí ó lọ sí ààfin, kí ó kí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, kí ó mú ọmọ ìlú kan dání tó mọ ọ̀nà, kí ó sì fi ohun etí náà sí etí onítọ̀hún kí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́. Bí ọmọ ìlú bá ti gbọ́ tí ẹnìkan láti Tógò dá wọn lóhùn lórí àpáta baba rẹ̀, òun ni yóò ṣàlàyé fún ìlú.

Ní ti ìgbà, kì í ṣe ìgbà òjò: ẹni tó bá na òpó sókè lórí àpáta nígbà tí Ṣàngó ń bínú ti wá wàhálà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àárín ọyẹ́, nítorí pé eruku gbígbẹ tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀ láti Sàhárà a máa fi iná kékeré sára wáyà bó ti ń gbá a, ariwo rẹ̀ a sì kún etí bí ẹni ń yan àgbàdo. Ìparí oṣù Kọkànlá ló dára, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìgbì mítà 40 bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà, tí Kútọnu àti Àkúrẹ́ ti ń gbọ́ ara wọn, tí àpáta kò sì tíì tutù lábẹ́ ìdí ẹni.